Tísà Akínlọ́lá àti Tíì Ọ̀kà

Ọjọ́ tí Tísà Akínlọ́lá gba ife lọ́wọ́ Bíṣọ́ọ̀bù ni gbogbo Ọ̀kà mọ irú ẹni tó jẹ́. Ìsìn ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ni, wọ́n ti po tíì fún àlejò, mílíìkì sì pọ̀ nínú rẹ̀ dáadáa, kí Tísà tó nawọ́ sí ife náà.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mu irọ́ nínú ilé Ọlọ́run. Kòkó lèyí, kòkó tí a ń gbìn níbí náà ni."

"Kí wá ni tíì?" ni Bíṣọ́ọ̀bù béèrè. Ará Ọ̀kà kan kò jẹ́ béèrè irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Tísà ti fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ni ní jọ́gíráfì ní Ìkàrẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ ìtàn tíì láti Ṣáínà, níbi tí wọ́n ní ewé já bọ́ sínú omi gbígbóná ọba. Ó tẹ̀lé ràkúnmí dé Rọ́ṣíà, ó sin ọmọbìnrin ọba Potogí dé ilé ọkọ nílùú Ọba, ó sì sọ bí Òyìnbó kan ṣe múra bí ará Ṣáínà, tó jí irúgbìn tíì kó lọ sí Íńdíà. Kó tó dé Kẹ́ńyà, mílíìkì ti di awọ lójú ife, dírẹ́bà Bíṣọ́ọ̀bù sì ti sùn lọ.

Bùsàrí, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, tó ń ta páàtì ọkọ̀ ní Ìkàrẹ́, ló máa ń yọ ọ́ lẹ́nu jù. "Tísà, gbogbo ayé ni tíì yín rìn dé. Ṣé ọ̀nà Ọ̀kà ni kò mọ̀?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ Tísà lákínyẹmí ara. Ó búra pé kí òun tó kú, Bùsàrí á mu tíì Ọ̀kà, á sì fẹnu ara rẹ̀ pè é ní tíì. Ó wọkọ̀ lọ sí òkè Mambila, níbi tí wọ́n ti ń gbin tíì ní Nàìjíríà, ó ra kóró bọ̀. "Òkè ni tíì fẹ́, orí òkè la sì ń gbé."

Mẹ́wàá ló hù. Ewúrẹ́ jẹ méje, ọ̀gbẹlẹ̀ pa méjì. Tísà ṣọgbà yí èyí tó kù ká, òun ló sì ń kọ́kọ́ kí láràárọ̀.

"Bàbá Happiness, èmi náà jí o," ni Sẹ̀gilọlá ìyàwó rẹ̀ á wí.

Lọ́dún kẹrin, ó já ewé àkọ́kọ́, ó sá a sínú tíréè. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ibà dá a dùbúlẹ̀. Sẹ̀gilọlá rí ewé nínú tíréè, ó rò pé ọkọ òun ti já ewé àgbo sílẹ̀ ni. Ó da gbogbo rẹ̀ mọ́ ewé máńgòrò àti ewé ìbẹ́pẹ, ó sè é jinná. Tísà mu ife mẹ́ta.

"Àgbo yìí dáa o. Kí ló wà níbẹ̀?"

Nígbà tó gbọ́, ó kọjú sógiri fún ọjọ́ méjì.

Bùsàrí wá kí i. "Ẹ kú ewu, Tísà. Mo gbọ́ pé tíì yín ń wo ibà." Tísà kọ́kọ́ fajú ro, kó tó bú sẹ́rìn-ín.

Kí igi náà tó tún rúwé tó ṣeé já, Tísà ti lọ. Ó dùn wá gan-an.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Bùsàrí wá kí opó. Sẹ̀gilọlá já ewé, ó sá a, ó yan án, ó sì fi omi gbígbóná sí i, bí ọkọ rẹ̀ ṣe kọ ọ́ sínú ìwé gẹ́lẹ́. Kò fi mílíìkì sí i, kò fi ṣúgà sí i. Bùsàrí tọ́ ọ wò, ojú rẹ̀ fún pọ̀.

"Ó korò," ló wí. Síbẹ̀ ó mu ún tán, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ìyá Happiness, tíì ni."

Lẹ́yìn náà ló béèrè bóyá igi náà ti so, kí òun mú kóró kan lọ gbìn sí ẹ̀yìnkùlé òun ní Ìkàrẹ́.