Ìrìn Àjò Mi láti Anyama sí Plateau, Nítorí Ibojì Àbẹ̀kẹ́

Àkùkọ Kouassi, ará ilé kejì wa, kò tíì kọ nígbà tí mo kúrò nílé ní Anyama, lẹ́bàá Abidjan ní Ivory Coast. Ẹ̀yin ará Ejigbo tó ń ka èyí, ẹ ti gbọ́ pé Àbẹ̀kẹ́ ìyàwó mi kú. Ìgbà tí wàhálà ìlú ti bodè pa ló kú. Ó ti sọ fún mi pé Ejigbo ni kí n sin òun sí, àmọ́ ọ̀nà kò sí, Anyama la sin ín sí. Láti ọjọ́ náà, mi ò jẹ́ kí wọ́n fi sìmẹ́ńtì kan ibojì rẹ̀. Ẹni tó ń lọ sílé, wọn kì í ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Félicité, ọmọbìnrin wa, kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Gbogbo ibojì tó wà nítòsí ló ti ní carreaux, ìyẹn táìlì, ti ìyá rẹ̀ nìkan ni koríko ń hù lórí rẹ̀.

Àwọn aṣòfin kan wá láti Abuja sí Plateau, níbi tí àwọn ilé gíga Abidjan wà, láti gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu wa lórí àbá òfin kan: pé kí ìjọba máa gbé òkú ọmọ Nàìjíríà tó bá kú sí ìlú onílùú wálé. Mo fẹ́ kí wọ́n ka àwọn tí a ti sin mọ́ ọn.

Gbaka, ìyẹn bọ́ọ̀sì kékeré ibí, gba trois cents, ọ̀ọ́dúnrún faransì, lọ́wọ́ mi dé ibùdókọ̀ Adjamé. Dramane ló wà á. Siaka, bàbá rẹ̀, ló ń ta obì fún Àbẹ̀kẹ́.

Dramane kí mi: "Le vieux, bàbá wa, agbádá láàárọ̀ yìí! Ṣé ìyàwó tuntun lẹ ń lọ gbé ni?"

"Òfin ni mò ń lọ ṣe."

"Ẹ bá mi fi sí i pé kí ẹnikẹ́ni má dá gbaka mi dúró mọ́."

Mo ní màá bá a sọ ọ́. Àwọn ọlọ́pàá dá wa dúró lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí a tó dé Adjamé.

Níbẹ̀ mo jẹ àtíékè pẹ̀lú ẹja díndín, trois cents náà ni. Àtíékè jọ gàrí, àmọ́ ooru omi ni wọ́n fi ń sè é, wọn kì í yan án. Ó dùn, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ nínú bíi ẹ̀bà. Takisí dé Plateau jẹ́ deux cents, igba faransì. Títì ibẹ̀ mọ́ ju àwo tí mo fi jẹun lọ.

Ọnọrébù Ayánkúnlé, ọmọ Ìwó, ni alága, nínú gbọ̀ngàn ilé ìtura kan. Nígbà tó kàn mí, mo dìde, mo sọ ti Àbẹ̀kẹ́. Ó yọ jígí ojú rẹ̀.

"Ẹ kú ìrọ́jú, bàbá. A óò fi ọ̀rọ̀ yín kún ìjábọ̀ wa."

"Ọnọrébù, ìgbà wo ló máa wá di òfin?"

"Ẹ fara balẹ̀, bàbá. Wọ́n ti kà á lẹ́ẹ̀kínní nílé àwa aṣojú, orúkọ rẹ̀ nìkan ni wọ́n pè. Wọ́n kà á lẹ́ẹ̀kejì, a jiyàn lé e lórí. Wọ́n wá fà á lé ìgbìmọ̀ wa lọ́wọ́, òun la bá wá síbí. Tí a bá padà, gbogbo ilé á yẹ̀ ẹ́ wò ní ẹsẹ dé ẹsẹ, wọ́n á wá kà á lẹ́ẹ̀kẹta."

"Ó parí nìyẹn."

"Ó kù, bàbá. Á lọ sọ́dọ̀ àwọn Sẹ́nétọ̀."

"Kí làwọn á ṣe sí i?"

"Ohun kan náà. Láti ìbẹ̀rẹ̀."

Obìnrin kan lẹ́yìn mi bú sẹ́rìn-ín. Ọnọrébù ò rẹ́rìn-ín. "Bí ilé méjèèjì ò bá fẹnu kò, wọ́n á yan àwọn tó máa tún un ṣe. Lẹ́yìn náà, Ààrẹ á buwọ́ lù ú."

"Bí kò bá buwọ́ lù ú ńkọ́?"

"Bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé kọ̀ọ̀kan bá tún fọwọ́ sí i, ó di òfin láìsí tirẹ̀."

"Bí sáà yín bá wá tán lójú ọ̀nà ńkọ́?"

Ó wo ilẹ̀. "Ó kú nìyẹn, bàbá. Àwọn tó bá wọlé á tún un bẹ̀rẹ̀ láti kíkà àkọ́kọ́."

"Ìgbà wo ni sáà yín máa tán?"

"Ọdún tó ń bọ̀."

Ní Ejigbo, bí ọba bá sọ̀rọ̀ láàárọ̀, akéde á ti dé ọjà kó tó di ọ̀sán. Mi ò sọ ìyẹn fún un. Ohun tó máa de gbogbo ènìyàn, ó yẹ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn yẹ̀ ẹ́ wò. Àbẹ̀kẹ́ gan-an kì í ra aṣọ láìyẹ etí rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Nígbà tí mo padà dé, Félicité ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà.

"Papa, òfin yẹn, ó ti sortir, ó ti jáde?"

"Wọ́n ti kà á lẹ́ẹ̀mejì."

"C'est bon, alors? Ó ti parí?"

"Ó ku ẹ̀ẹ̀kan, àti ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́dọ̀ àwọn Sẹ́nétọ̀, àti Ààrẹ."

Ó gba agbádá lọ́wọ́ mi, ó ń ká a bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń ká a.

Ohun tí mo rí kọ́ lọ́nà ni pé òfin ń rìn lóòótọ́, ibi tó ti ń dúró ló pọ̀ ju ti gbaka Dramane lọ. Òkú lè dúró dè é. Ọmọ òkú ni kò lè dúró. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo ní kí Félicité lọ ra sìmẹ́ńtì àti carreaux. A fi wọ́n yí ibojì náà ká, ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó dára. Orí rẹ̀, mo ní kí wọ́n fi sílẹ̀ de Ààrẹ.