Mo Lọ sí Ìkirun Nítorí Ìmọ́lẹ̀ Lésà

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ nígbà tí mo jáde nílé ní Òkukù. Ojú ọ̀run ni mo kọ́kọ́ wò. Láti ìgbà tí àrá ti pa àbúrò mi lóko Ìgbàyè, tó sì gbé èmi jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ebè, n kì í rìn bí òjò bá ṣú. Ṣùgbọ́n Bísí ọmọ mi fẹ́ lọ sókè òkun lọ kọ́ iṣẹ́ ìmọ́lẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní lésà, ọ̀gá rẹ̀ ní yunifásítì sì wá sinmi nílé ní Ìkirun. Mo fẹ́ sọ fún un lójúkojú pé n kò gbà.

Sísì ni owó lọ́rì. Ọ̀nà pupa, ó kún fún kòtò. Ní Ìnísà a dúró jẹ àkàrà àti ẹ̀kọ gbígbóná. Àkàrà wọn tóbi ju tiwa lọ, ṣùgbọ́n iyọ̀ rẹ̀ kò tó.

Dẹ́rẹ́bà ní, "Bàbá Bísí, ojú ọ̀run lẹ̀ ń wò láti àárọ̀. Ṣé ẹ jẹ ẹ́ ní gbèsè ni?"

"Máa wo ọ̀nà rẹ."

Ọ̀gá Bísí tí mo bá nílé ní Ìkirun kò tíì dàgbà púpọ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ kí mi. Ó ní átọ́ọ̀mù ni wóró tín-ín-tín tó para pọ̀ di gbogbo nǹkan. Átọ́ọ̀mù yìí ní ibùjókòó kan nísàlẹ̀, ó sì ní òmíràn lókè. Bí lésà bá kọ yẹ̀rì sí i ní ìwọ̀n tó yẹ, átọ́ọ̀mù á gòkè. Bó bá tún kọ yẹ̀rì ní ìwọ̀n kan náà, á sọ̀ kalẹ̀.

"Ìmọ́lẹ̀ kan náà?"

"Òun náà ni, Bàbá. Ìwọ̀n rẹ̀ la ń kọ́. Àárín dígí méjì tó kọjú síra la ti ń rí i."

Nílé wa, bí òjò bá ṣú, aṣọ la fi ń bo dígí, kí àrá má baà tọ̀ ọ́ wá.

"Ẹ̀yin ò bo tiyín?"

"Ojú wa là ń bò, Bàbá, awò dúdú la fi ń bò ó. Ẹni tí kò bá bẹ̀rù ìmọ́lẹ̀ yìí, n kì í jẹ́ kó wọlé. Bísí ló máa ń pariwo mọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n bojú. Ó ní ẹ̀yin lẹ kọ́ òun."

Ohun tí mo bá wá kò ṣeé sọ mọ́.

Nígbà tí à ń padà bọ̀, òjò ká wa mọ́ ẹ̀yìn Ìnísà. Mo dirọ mọ́ lọ́rì, mo ń gbàdúrà. Nígbà tí mo délé, Bísí ti fi aṣọ bo dígí, ó jókòó dè mí.

"Bàbá, kí lẹ sọ fún wọn?"

Mo wo aṣọ tó wà lára dígí. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń rò pé ẹ̀rù nìkan ni mo fi lé e lọ́wọ́.

"Máa lọ," ni mo wí. "Ṣùgbọ́n bojú o."