Igi Àbúrò Mi Lábẹ́ Wáyà Ńlá

Abà wa tó wà lọ́nà Ilé-Ogbó ni ìyá mi bí àbúrò mi ọkùnrin sí. Bàbá mi ri ìwọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n gbin obì sórí rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa. Ọmọ náà kò tíì rìn tó fi kú. A ò ní fọ́tò rẹ̀. Igi yẹn nìkan ló kù, ìyá mi kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ká obì rẹ̀ láìtọrọ lọ́wọ́ wọn.

Ó ku díẹ̀ kí òyìnbó gbé ìjọba sílẹ̀ ni àwọn oníṣẹ́ iná mọ̀nàmọ́ná dé láti ta wáyà ńlá gba oko wa, tí wọ́n ń fi ọ̀dà pupa sàmì sára igi tí wọn yóò gé. Wọ́n sàmì sí tiwa. Ìyá mi kúnlẹ̀ fún ọ̀gá wọn, ọkùnrin tí kò ju ẹ̀gbọ́n mi lọ. Inú bí mi débi pé mo fẹ́ sọ ọ́ lókò.

Ìyá mi ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wáyà yín rọra kọjá. Èyí tí mo rí n'Íbàdàn, etí òrùlé ló ń gbà, kò bá igi jà."

"Màmá, ẹ dìde. Wọ́n ti rọ agbára tìyẹn sílẹ̀ kó tó wọ àdúgbò. Èyí ṣì le. Tí ẹ̀ka bá sún mọ́ ọn lásán, iná lè fò mọ́ ọn."

"Ẹ dín in kù tó bá dé oko wa. Tó bá kọjá tán, kẹ́ ẹ dá a padà."

Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá wọn kò rẹ́rìn-ín. "Tá a bá dín in kù níbí, ọ̀nà ló máa tán sí, Màmá. Agbára ńlá la fi ń rán iná lọ sọ́nà jíjìn. Ìgbà tó bá dé ìlú la tó ń fi tiransifọ́mà rọ̀ ọ́."

Ẹni tó juni lọ lè juni nù. Bàbá mi gba àáké lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ kan, wọ́n ní bó bá ti di dandan, àlejò kọ́ ni yóò gé e. Wọ́n gé e fúnra wọn.

Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, iná wọ ilé wa n'Ìwó. Wáyà rẹ̀ gba àárín ẹ̀ka máńgòrò aládùúgbò wa kọjá, kò sẹ́ni tó gé igi náà. Mo tẹ súwíìṣì, gbogbo ilé hó yèè. Ìyá mi wo gílóòbù náà títí.

"Ṣé èyí tó gba oko wa kọjá náà nìyí?"

Mo ní òun ni, wọ́n ti rọ̀ ọ́ ni.

Ìyá mi ní kí n pa á.