Ẹran Tí Mo Fi Ń Bẹ Ẹranko Inú Tẹlifíṣọ̀n

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Bódìjà, ọjọ́ tí ẹranko inú tẹlifíṣọ̀n na ìka sí mi ni mo mọ̀ pé ayé mi ti bàjẹ́. Káàtúùnù ilẹ̀ Japan ni. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi á rántí pé ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n máa ń ṣe é, kí ìròyìn tó dé. Ẹranko náà jẹ́ aláwọ̀ ewé, ó sanra, eyín rẹ̀ sì tò bí eyín àgbàdo. Ó ṣàdédé kọjú síta, ó na ìka gbọnrangandan.

Ìyá mi ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́, wọn ò tilẹ̀ gbójú sókè dáadáa. "Àṣàkẹ́, ó ti rí ẹ. Ó mọ ẹni tó ń yọ ẹran nínú ìkòkò."

Kí ló dé tí mi ò ní gbà wọ́n gbọ́? Bí akàròyìn bá ní "ẹ káalẹ́," bàbá mi á dá a lóhùn: "Ẹ káalẹ́ o. Ilé ńkọ́?" Bí wọ́n bá pa tẹlifíṣọ̀n tán, ìyá mi á fi aṣọ funfun bò ó. Wọ́n ní torí eruku ni. Lójú tèmi, kí àwọn ará inú ibẹ̀ má baà máa wò wá ni.

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá wẹ̀ tán, ẹ̀yìn àga ni mò ń rá gbà kọjá. Bí mo bá fẹ́ gbálẹ̀ pálọ̀, mo ń kọ́kọ́ kúnlẹ̀ kí i. Nígbà tó yá, mo ní ẹni tó bá yó kì í bínú. Mo bá ń gbé ẹran oúnjẹ alẹ́ mi sẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n. Tó bá di àárọ̀, ẹran ti lọ! Ẹ̀rù wá bà mí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ: ó ń jáde lóòótọ́. Lọ́jọ́ tí mo gbé orí ẹja síbẹ̀, kò fọwọ́ kàn án. Mo gbà pé kò fẹ́ràn ẹja.

Láìpẹ́ yìí, mo lọ kí Títí ọmọ mi ní Japan, ó sì mú mi lọ sí ilé tí wọ́n ń kó àwọn àwòrán àti ère inú káàtúùnù sí. Àfi bíi pé ọmọdé ló kọ́ ọ: àtẹ̀gùn ń yí bí ìkarahun ìgbín, àwọn ilẹ̀kùn kan sì kúrú débi pé àgbàlagbà ní láti bẹ̀rẹ̀ kó tó lè wọlé. Mo bẹ̀rẹ̀ wọ ọ̀kan, mo gbójú sókè. Òun rèé! Ó ga tó táńkì omi, ó na ìka.

Mo kúnlẹ̀ gbàù.

"Màámi, kí lẹ̀ ń ṣe?"

"Dákẹ́, kúnlẹ̀!"

Ọmọbìnrin tó ń ṣọ́ ibẹ̀ rò pé òun ni mò ń kí, ó tẹríba. Mo tún kí i, ó tún tẹríba. A ò mọ ẹni tó máa kọ́kọ́ dáwọ́ dúró.

Títí pe ìyá mi ní Bódìjà lórí fóònù, ojú wọn yọ, ó sì fi ẹranko náà hàn wọ́n. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi wúkọ́.

"Màámi," ni mo wí lórí ìkúnlẹ̀, "ta ló ń jẹ ẹran tí mò ń gbé sẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n?"

"Tí mo bá ká aṣọ láàárọ̀ tí mo bá ẹran níbẹ̀, ṣé kí n fi í sílẹ̀ fún eku ni?"

"Orí ẹja ńkọ́?"

"Ìwọ náà mọ̀ pé mi kì í jẹ orí ẹja."

Láyé ìgbà yẹn, ará inú àpótí ò rí wa, síbẹ̀ a ń fi aṣọ bò ó. Lóde òní, wọ́n ń rí wa kedere, a sì ń gbé wọn káàkiri. Ìyá mi na ìka sí mi látinú fóònù: "Àṣàkẹ́, dìde nílẹ̀. Mo ti rí ẹ."

Mo dìde. Mo di ìka ẹranko náà mú, Títí sì ya àwa méjèèjì ní fọ́tò.