Àpótí Tí Ìyàwó Mi Kò Tíì Parí

Òórùn sìmẹ́ǹtì tútù ló máa ń gba ilé wa ní àdúgbò Addo nígbà yẹn, torí wọ́n ń kọ́ ilé sẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ìyàwó mi ló ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún áàpù kan tí èèyàn fi ń gba ọjọ́ lọ́dọ̀ dókítà. Kò ní kọ gbólóhùn kan sínú àpótí kan nínú ṣíìtì rẹ̀, tábìlì tó fi ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, láìkọ́kọ́ kà á fún fóòmàn àwọn bíríkìlà láti ẹ̀yìn fẹ́ǹsì. Bí ìyẹn bá fajú ro, á pa á rẹ́. Èyí tí kò bá rí túmọ̀, á kọ ọ̀rọ̀ sí mi sínú àpótí tó yẹ kí ìtumọ̀ wà, kí n lè bi í nípa rẹ̀ kí iṣẹ́ tó lọ. Iṣẹ́ tèmi ni láti sọ ṣíìtì náà di fáìlì tí áàpù lè kà.

Lẹ́yìn tí a sin ìyàwó mi, iléeṣẹ́ tó ni áàpù náà ní bí iṣẹ́ ò bá dé kí ọ̀sẹ̀ tó parí, àwọn á ní kí ẹlòmíì tún un ṣe látìbẹ̀rẹ̀. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa ọ̀rọ̀ rẹ̀ rẹ́, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò gbà kí n kà á. Mo ní kí kọ̀ǹpútà yí gbogbo rẹ̀ padà di fáìlì, mo sì kọjú sí fèrèsé títí ó fi parí.

Mo fi fáìlì náà sínú áàpù lórí fóònù mi, mo gbé e lọ bá fóòmàn kó dán an wò. Ó tẹ ibí, ó tẹ ọ̀hún, ó wá gbé e sílẹ̀ láti lọ bá àwọn tó ń po sìmẹ́ǹtì wí. Nígbà tó padà, ó ka ohun tó bá lójú fóònù sókè: "Mi ò tíì rí ọ̀rọ̀ fún èyí. Ẹ lọ jẹun ná."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá, fóònù tó mọ̀ pé ebi ń pa èèyàn, èmi á ra méjì." Ó wá wo ojú mi. "Àbí Àǹtí ló kọ ọ́?"

Mo ní òun ni.

Ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò, ó fi ọwọ́ méjèèjì dá fóònù padà fún mi. "Kí ló yẹ kó sọ?"

"Pé èèyàn ti fi áàpù sílẹ̀ pẹ́ jù, kó tún wọlé."

"Ó yé mi. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin ńkọ́, ẹ ti jẹun?"

Mi ò tíì jẹun. Mo délé, mo jẹ búrẹ́dì, mo sì ka ṣíìtì náà láti òkè délẹ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin mìíràn tí ìyàwó mi kọ sí mi ṣì wà níbẹ̀. Ọ̀kan ní kí n yéé tan iná ilé ìwẹ̀ sílẹ̀. Mo yọ gbogbo wọn nínú fáìlì kí n tó fi ránṣẹ́. Nínú ṣíìtì, mi ò fọwọ́ kàn wọ́n.

Àwọn ayálégbé ti kó sínú ilé ẹ̀gbẹ́ wa báyìí. Ojú ṣì máa ń tì mí bí mo bá rántí pé mo fẹ́ gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ là láì kà á, tí mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fi èyí tó kọ sí èmi nìkan ránṣẹ́ sí àwọn àjèjì.