Epo Pupa Nínú Ẹ̀rọ Amúnáwá

Bí ọyẹ́ bá mú, tí mo jí lówùúrọ̀ tí mo rí epo pupa tó dì gbagidi nínú ìgò ní ilé ìdáná mi, mo ṣì máa ń fi ìbínú tì í sẹ́yìn. Àwọn ọmọ mi á ní, "Mọ́mì, kí ni epo fi ṣe yín?" Epo kọ́ ló ṣẹ̀ mí.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di nọ́ọ̀sì ni, ìjọba alágbádá náà sì ṣẹ̀ṣẹ̀ padà dé, nígbà tí wọ́n gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan nítòsí Ìkọ̀lé. Lójú tèmi nígbà náà, bí mo bá ti lè fi sítáàṣì lọ aṣọ funfun mi kó gan, gbogbo ayé ti bẹ̀rù mi nìyẹn. Iná ìjọba ti lọ láti ìgbà tí òjò ti dá. Ẹ̀rọ amúnáwá tó ń lo dísẹ̀lì ló ń mú fíríìjì wa tutù, inú fíríìjì náà sì ni abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọ wà, ti èéyi pẹ̀lú. Abẹ́rẹ́ yẹn kò fẹ́ ooru rárá. Bí ooru bá ti mú un, agbára rẹ̀ ti lọ, bẹ́ẹ̀ ojú lásán kò ní mọ̀, nítorí inú ìgò á ṣì rí bó ṣe rí lánàá.

Alága ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú ló fi dísẹ̀lì ta wá lọ́rẹ. Oníṣòwò epo pupa ni, inú àwọn kẹ́ẹ̀gì epo rẹ̀ ló sì ní kí wọ́n bu dísẹ̀lì náà sí. Lọ́dọ̀ wa, a kì í sọ kẹ́ẹ̀gì nù. Èyí tó gbé epo lónìí lè gbé omi lọ́la. Kò sẹ́ni tó yẹ ìdí wọn wò. Àwọn obìnrin jó, wọ́n ya fọ́tò, gbogbo àwa òṣìṣẹ́ sì kúnlẹ̀ dúpẹ́. Èmi náà kúnlẹ̀ nínú erùpẹ̀ tòun ti aṣọ funfun mi.

A máa ń pa ẹ̀rọ náà bí a bá fẹ́ sùn, a ó sì tún tàn án ní ìdájí kí yìnyín inú fíríìjì má baà yọ́ tán. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ àjẹsára, ọyẹ́ mú gan-an. Bàbá ọlọ́dẹ tó ń tọ́jú ẹ̀rọ tàn án títí, ó kọ̀. Bátìrì lágbára, ẹ̀rọ ń yí, kò kàn gbiná ni. Bàbá tú páìpù epo kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè jáde, àmọ́ ńṣe ni epo ń kán tó, tó. La bá ṣí asẹ́ epo. Ohun tí mo rí níbẹ̀ pọ́n, ó dì bí ọ̀rá orí ọbẹ̀ àná. Mo fọwọ́ kàn án, mo gbóòórùn rẹ̀. Epo pupa ni.

Mo ní kí a da gbogbo epo inú táǹkì nù, kí a lọ ra òmíràn ní Ìkọ̀lé. Bàbá ọlọ́dẹ wò mí tìyanutìyanu.

"Nọ́ọ̀sì, ọrẹ alága nìyẹn. A kì í da ọrẹ àgbà nù lẹ́yìn àgbà. Ẹ jẹ́ ká ránṣẹ́ pè é."

Alága ti lọ síbi òkú kan ní Ìfàkì. A dúró dè é. Ìdúró yẹn ló dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀. Mo fẹ́ kó abẹ́rẹ́ náà sínú kúlà kí n gbé ọ̀kadà lọ sí Ìkọ̀lé, ṣùgbọ́n yìnyín tí mo máa fi sí i ti di omi. Àwọn ìyá ọlọ́mọ ń dé, wọ́n ń jókòó. Ọ̀kan fi ẹsẹ̀ rìn láti Àsin, ó pọn ọmọbìnrin kékeré kan tí mo rò pé kò tíì mọ ìrìn.

Ọ̀sán ti pọ́n kí alága tó dé. Mo fi asẹ́ náà hàn án, kò tilẹ̀ wò ó. Ó ní mò ń tàbùkù òun ni. Ó gbé ọwọ́ lé ẹ̀rọ, tí oòrùn ti pa gbóná báyìí, ó gbàdúrà gígùn, ó ní kí bàbá ọlọ́dẹ dá asẹ́ padà, kó tún tàn án. Ó gbiná. Gbogbo èrò hó yèè, wọ́n dá orin.

"O rí i? Àdúrà ló ń fẹ́," alága wí. "Ó yá, gún àwọn ọmọ lábẹ́rẹ́."

"Oòrùn ló yọ́ epo yín, bàbá," mo dá a lóhùn. "Abẹ́rẹ́ ti bàjẹ́. N kò ní í gún ọmọ ẹnì kankan."

Bàbá ọlọ́dẹ fà mí láṣọ, n kò gbọ́. Ìbínú ti gba gbogbo ara mi. Mo kó àwọn ìgò náà jáde, mo fọ́ wọn sínú kòtò ìdalẹ̀nù níṣojú wọn. Mo rò pé wọ́n á lóye mi. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà.

Obìnrin Àsin dìde, ó tún ọ̀já rẹ̀ dì. "Nọ́ọ̀sì, uṣẹ́ oko ni mo fi sílẹ̀ wá. Iná tàn, o ní abẹ́rẹ́ ò sí. Ulé mi jìnnà." Ó bá ọ̀nà lọ, kò wẹ̀yìn.

Àwọn àgbà ìlú ní kí n lọ bẹ alága. Wọ́n ní ìbínú kò da nǹkan fúnni, sùúrù ni bàbá ìwà. Mo lọ, mo bẹ̀ ẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kejì nìyẹn tí mo kúnlẹ̀ nítorí epo kan ṣoṣo yẹn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ̀rọ náà tún kọ̀, kò sì sí ẹni tó pe alága wá gbàdúrà.

Nígbà tí abẹ́rẹ́ tuntun dé, àwọn ìyá mìíràn padà wá, àmọ́ obìnrin Àsin kò wá. Gbogbo ọjọ́ àjẹsára ni mo ń wo ojú ọ̀nà títí wọ́n fi gbé mi kúrò níbẹ̀. N kò mọ orúkọ rẹ̀, n kò sì mọ bóyá èéyi tó jà lọ́dún tó tẹ̀ lé e mú ọmọ náà.

Alága ti di ará ọ̀run báyìí, wọ́n sì ti kọ orúkọ rẹ̀ sára ògiri ilé ìwòsàn náà. Bí oòrùn bá mú díẹ̀, epo inú ìgò mi á yọ́, màá sì fi se ọbẹ̀ fún àwọn ọmọ mi, tí wọ́n gba abẹ́rẹ́ tiwọn pé. Bí obìnrin Àsin bá ṣì wà láyé, á máa rántí mi bí ẹni tó lé òun lọ, kò ní mọ̀ láéláé pé nítorí ọmọ rẹ̀ ni mo ṣe bínú.