Ohùn Bàbá Kúnlé Nínú Géèmù Bọ́ọ̀lù

Igbó Ẹfọ̀n ni mo ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Oníbàárà tuntun á wọlé, á wò mí tìyanu-tìyanu, á ní, "Àǹtí, ọ̀gá dà?" Èmi náà ni ọ̀gá o.

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn jù ni títún fáìlì mọ́ọ̀dù ṣe. Mọ́ọ̀dù ni ohun tí àwọn olólùfẹ́ géèmù ń ṣe fúnra wọn kún un: aṣọ tuntun, pápá tuntun, ohùn tuntun. Wọ́n á di gbogbo rẹ̀ sínú fáìlì kan bí ẹni di ẹrù sí báàgì, àwọn mìíràn á sì fi páásíwọ́ọ̀dù tì í pa.

Kúnlé àti ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló gbé irú rẹ̀ wá láti Ajah. Bàbá Kúnlé ló ń fi Yorùbá ròyìn bọ́ọ̀lù inú mọ́ọ̀dù náà. Bàbá ti kú, kọ̀ǹpútà Kúnlé ti jó, kò sì síbi tí ohùn bàbá tún wà mọ́ àfi inú fáìlì yìí. Ó ti bàjẹ́, ó tún wà ní títì pa.

Bíbàjẹ́ yẹn ò le. Ìbẹ̀rẹ̀ fáìlì ló run, mo sì tún un kọ. Páásíwọ́ọ̀dù ló fẹ́ dójú tì mí.

"Orúkọ mi ni, Àǹtí," ni Kúnlé ń tẹnu mọ́. "Ibi iṣẹ́ ni mo wà lọ́jọ́ yẹn, mo ní kí ìyàwó wa bá mi fi orúkọ mi tì í."

A tẹ Kúnlé, a tẹ Adékúnlé, a fi orúkọ bàbá kún un. Fáìlì kọ̀ jálẹ̀. Inú ti ń bí mi, ojú Kúnlé sì ti pọ́n. Ìyàwó yìí, tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà tí kò rí ohun tí à ń tẹ̀, wá dìde fọwọ́ kàn án léjìká.

"Agùntáṣọọ́lò, ó máa ṣí, ọkọ mi."

Mo yí padà bìrí. Èmi náà wà nílé ọkọ, mi ò sì pe àbúrò ọkọ mi kankan lórúkọ rí. Orúkọ tí mo fún wọn fúnra mi ni mo ń pè wọ́n.

"Ìyàwó, orúkọ wo gan-an lẹ tẹ̀?"

"Orúkọ wọn náà ni. Agùntáṣọọ́lò." Ó wo Kúnlé. "Àbí ẹ fẹ́ kí n máa pe ọkọ mi ní Kúnlé ni?"

Mo tẹ̀ ẹ́. Fáìlì ṣí! Ara tù mí débi pé mo pariwo. Mo kó mọ́ọ̀dù náà sínú géèmù, mo tan án.

"Ẹ gbá bọ́ọ̀lù!" ohùn àgbàlagbà kan bú jáde. "Àbí ẹ ò jẹun láàárọ̀ ni?"

Kúnlé ń rẹ́rìn-ín, omijé ń dà lójú rẹ̀. Ìyàwó ti wà lórí ìkúnlẹ̀ kó tó rántí pé Bàbá ti kú.

"Ẹ káàsán, sà."

Kò sẹ́ni tó ní kó dìde.